Etí Fẹ́ńdà Ni Mo Fi Ayé Mi Ṣọ́

Bí ìsìn bá ti parí lọ́jọ́ ìsinmi ní ọgbà àwọn ṣọ́ọ̀ṣì ní Oud Metha, ní Dubai níbí, àwọn ọ̀dọ́ wa a máa wá bá mi lábẹ́ ibòji tí mo máa ń jókòó sí. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ń ṣe síkiọ́rítì, àwọn kan ń fi ọ̀kadà gbé oúnjẹ kiri, kóńtíráàtì ẹlòmíràn sì ti fẹ́ parí. Ìbéèrè kan náà ni wọ́n máa ń bi mí: "Daddy, ẹ ti pẹ́ níbí. Ṣé ká lọ kọ́ṣẹ́ ọwọ́ ni, àbí ká máa manage eléyìí lọ?" Bí mo bá wá sọ fún wọn pé ike tí wọ́n ń fi yí etí fẹ́ńdà ọkọ̀ ká, lókè táyà, àti ìpẹtà tó ń sá pamọ́ sábẹ́ rẹ̀, ni mo fi jẹun títí mo fi fẹ̀yìn tì, wọn a bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà a bá wọn rín in. Ọmọ mi obìnrin, nọ́ọ̀sì tí mò ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ báyìí, kò tíì dẹ́kun ẹ̀rín náà títí dòní.

Ẹ jẹ́ kí n ro ó fún yín bó ṣe rí. Ẹni tó bá gbọ́ ọ tán lè wá mọ ohun tí yóò ṣe.

Gbádébọ̀ ni orúkọ mi. Páńẹ́bítà ni mí ní Mushin kí n tó wá, ṣùgbọ́n iṣẹ́ síkiọ́rítì ni mo bá dé Dubai. Mo wọ yúnífọ́ọ̀mù, mo dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìtajà kan ní Bur Dubai títí ẹsẹ̀ mi fi ń wú. Nígbà tí kóńtíráàtì mi parí, ẹnì kan tí a jọ wà ní bedspace, yàrá tí èèyàn ti ń háyà bẹ́ẹ̀dì kan péré, mú mi lọ bá ọ̀gá rẹ̀ ní àdúgbò àwọn mẹkáníìkì ní Sharjah. Wọ́n gbà mí síṣẹ́. Owó rẹ̀ kò pọ̀, kò sì burú jù. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀.

Ará Peshawar ní Pakistan ni ọ̀gá náà. Karim ni orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n Ustad ni gbogbo wa ń pè é, torí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń pe ọ̀gá oníṣẹ́ níbẹ̀. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ó fi làálì pa irùngbọ̀n rẹ̀ láró pupa, kì í sì í pariwo. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ọ̀gá tí kì í pariwo ló yẹ kéèyàn bẹ̀rù. Èdè tí a fi ń bá ara wa sọ̀rọ̀, àdàlù ni: Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀, Lárúbáwá díẹ̀, Urdu tí mo ṣà jọ nílẹ̀. N ó kàn máa fi Yorùbá sọ ọ́ fún yín.

Lọ́jọ́ tí mo bẹ̀rẹ̀, mo yan wọlé bí ẹni tó ti mọṣẹ́ láti ilé. Mo ní páńẹ́bítà ni mí, kó fún mi ní òòlù. Ustad wò mí láti òkè délẹ̀, ó sì na búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín sí mi.

"Kí ni kí n fi í ṣe, Ustad?"

"Fọ abẹ́ fẹ́ńdà."

Mo rò pé ó ń fi mí ṣeré. Eré kọ́ ni. Ìgbà tí mo fi ń fọ abẹ́ fẹ́ńdà gùn débi pé àwọn tí a jọ ń gbé ní bedspace sọ mí ní "Dókítà Eyín". Bí mo bá fọ ọ́ tán, Ustad á wá, á ki ìka bọ ẹ̀yìn etí fẹ́ńdà, níbi tí ojú ò tó, á fà á yọ, á sì wo ìka náà nínú oòrùn. Bí iyanrìn bá wà níbẹ̀, kò ní bú mi. Á kàn tọ́ka sí omi. Ẹni tó bá ti mọ èébú ọ̀gá páńẹ́bítà ní Mushin á mọ̀ pé ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn ṣòro láti gbé ju èébú lọ.

Ẹ̀yin a máa rò pé níbi tí òjò kì í ti í rọ̀, irin kì í dípẹtà. Bẹ́ẹ̀ ni èmi náà rò. Ustad ló jẹ́ kí n mọ̀ pé òkun kò jìnnà sí wa. Lásìkò ooru, ìrì oníyọ̀ a máa dé pẹ̀lú afẹ́fẹ́ ní ìdájí, a lẹ̀ mọ́ iyanrìn tó wà lábẹ́ fẹ́ńdà, oòrùn a sì se é pọ̀ mọ́ irin. Bí wọ́n bá ti wá fi ike bò ó lójú, ó tán. Lóde, ọkọ̀ ń dán. Lábẹ́, irin ti di búrẹ́dì. Oníṣẹ́ tó ń de ike láì fọ abẹ́ rẹ̀, ìsìnkú ló ń ṣe.

Nígbà tí Ustad wá jẹ́ kí n di dírílù mú, mo fi ike sí bọ́ọ̀sì ilé búrẹ́dì kan, ó sì jókòó dáadáa. Inú mi ń dùn. Ustad bi mí bóyá mo fi ọ̀dà ìpìlẹ̀ sí ojú ihò kọ̀ọ̀kan kí n tó fi sukúrúù sí i. Mo ní sukúrúù fúnra rẹ̀ á dí ihò náà. Ó tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀ lójú oníbọ́ọ̀sì, ó bu tíì fún oníbọ́ọ̀sì pé kó ṣe sùúrù, ó sì yíjú sí mi.

"Ihò tí o bá dá sára irin, ọgbẹ́ ni," ló wí. "Ta ló ń di ọgbẹ́ láì fi oògùn sí i?"

Mo tún un ṣe. Láti ọjọ́ náà, kò sí ihò tí mo dá tí mi ò fún ní oògùn: ọ̀dà ìpìlẹ̀, kó gbẹ, gíríìsì lára sukúrúù, gíríìsì lẹ́yìn ike. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ustad kì í yìn mí, ṣùgbọ́n nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rán àwọn oníbàárà sí mi tààrà, ìyẹn sì tó mi.

Bí Táyọ̀ ṣe dé ọ̀dọ̀ mi nìyẹn. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni, Abu Shagara ní Sharjah ló ń gbé pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀. Bọ́ọ̀sì kan ló fi ń bọ́ ilé: ó ń kó ọjà láti Sharjah lọ fún àwọn onísọ́ọ̀bù ní Bur Dubai. Ìyàwó rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ nígbà náà, ìyá rẹ̀ sì ti wá láti ilé láti wá wẹ ọmọ. Táyọ̀ fẹ́ kí ọkọ̀ òun náà dà bí ọkọ̀. Ó ní kí n tọ́jú ìpẹtà tó ń yọjú létí fẹ́ńdà, kí n sì fi ike dúdú yí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ká. Ọmọ ilé ẹni ni, mo fọwọ́ ara mi ṣe é, mi ò jẹ́ kí ẹlòmíràn bá mi dá sí i. Ustad ki ìka bọ̀ ọ́, ó sì lọ láì sọ̀rọ̀.

Kò pẹ́ tí Táyọ̀ fi padà wá. Omi pupa ń sun lábẹ́ ike náà, ó ń ṣàn sórí ọ̀dà funfun. Mo tú u, ó yà mí lẹ́nu: gíríìsì ti ṣí kúrò, orí sukúrúù ti ń wú. Mo fi sáńpépà họ ọ́ dé irin tó mọ́, mo tún gbogbo rẹ̀ ṣe pẹ̀lú sukúrúù tuntun. Ó tún padà wá, ohun kan náà. Lẹ́ẹ̀kejì yìí, Ustad dúró tì mí.

"Bọ́ọ̀sì mìíràn wà níta tí ìwọ kan náà ṣe," ló wí. "Kò sí èyí tó ń ṣe báyìí."

"Ustad, mo ṣe é bí ẹ ṣe kọ́ mi."

"Irin kì í purọ́. Ọwọ́ rẹ ni mò ń wò. Bí eléyìí bá tún bàjẹ́, khalas, ó parí nìyẹn. N ó cancel visa rẹ, kí o máa lọ sílé."

Àwọn ọmọ mi wà nílé ìwé ní Nàìjíríà nígbà náà, iṣẹ́ yìí ló ń gbé wọn. Mo tún bọ́ọ̀sì Táyọ̀ ṣe lẹ́ẹ̀kẹta, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ máa gbàdúrà sí sukúrúù kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀rù ń bà mí, kí n má purọ́. Ojoojúmọ́ ni mò ń wo ojú ọ̀nà bóyá n ó rí bọ́ọ̀sì náà.

Ọkọ̀ agbọ́kọ̀ ló gbé e dé. Táyọ̀ ń lọ sí Bur Dubai láàárọ̀ nígbà tí ike iwájú lápá òsì já, tó ká mọ́ táyà. Táyà bẹ́, bọ́ọ̀sì sì lọ kọlu irin ẹ̀gbẹ́ títì. Ọlọ́run bá wa ṣe é, kò kọlu ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ Táyọ̀ ṣẹ́. Ustad fọwọ́ kan àwọn sukúrúù tó kù, wọ́n ń já láì lo irinṣẹ́. Nǹkan funfun kan gbẹ mọ́ ìdí wọn. Mo fọwọ́ kàn án, mo fi kan ahọ́n: iyọ̀. Mo sọ fún Ustad pé iyọ̀ ni. Ó ní ìlú ẹ̀bá òkun ni a wà, gbogbo ọkọ̀ ló ń rí iyọ̀. Ó ní kí n lọ kí oníbàárà mi, kí n padà wá láàárọ̀ ọjọ́ kejì pẹ̀lú páásípọ́ọ̀tì mi.

Mo lọ sí Abu Shagara. Táyọ̀ wà lórí àga gígùn, wọ́n ti fi POP di ẹsẹ̀ rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ kí mi tán, ó gbé ọmọ wọ yàrá.

"Ẹ̀gbọ́n, mo fọkàn tán yín," Táyọ̀ sọ fún mi. "Mo ní ọmọ Yorùbá ni, kò lè ṣe mí ní anyhow work. Three times lẹ ṣe é. Ẹ wo ẹsẹ̀ mi. Ẹ wo ọmọ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bí. Ta ló máa wa ọkọ̀ yẹn báyìí?"

Mo ní kó má bínú, mo dìde. Ìyá rẹ̀ sìn mí dé ẹnu lífítì. Obìnrin kúkurú ni, ìró rẹ̀ ṣì tutù nítorí omi ìwẹ̀ ọmọ. Ó ní kí n má fi ọ̀rọ̀ Táyọ̀ ṣe, ìrora ló ń sọ ọ́. Lẹ́yìn náà ló kó ọwọ́ méjèèjì lérí.

"Gbádébọ̀, kí ló kù tí mi ò ṣe? Ọmọ mi àgbà, ẹ̀gbọ́n Táyọ̀, táyà ló pa á. Lójú ọ̀nà Ìbàdàn, táyà yọ, ọkọ̀ gbókìtì. Láti ọjọ́ tí mo ti dé ìlú yìí, kí ẹnikẹ́ni tó jí ni mo ti ń po iyọ̀ mọ́ omi. N ó ka sáàmù sí i, n ó sọ̀kalẹ̀ lọ bù ú wẹ ẹsẹ̀ ọkọ̀ náà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ẹni tó bá da omi síwájú ní í tẹ ilẹ̀ tútù. Mi ò fò ó lọ́jọ́ kan. Kí ló dé tí Ọlọ́run ò fi gbọ́ tèmi?"

Lífítì ṣí, ó tún padé, mi ò wọ̀ ọ́. Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà. Mo ti rí ohun tí yóò gbà mí lọ́wọ́ Ustad, tí yóò sì wẹ orúkọ mi mọ́ lójú Táyọ̀. Gbólóhùn kan péré ni. Ṣùgbọ́n bí mo bá sọ ọ́, mo ti sọ fún ìyá tí táyà pa ọmọ rẹ̀ kan pé ọwọ́ rẹ̀ ló fẹ́rẹ̀ẹ́ pa èkejì. Mo ní, "Ọlọ́run á tù yín nínú, mà." Àtẹ̀gùn ni mo gbà sọ̀kalẹ̀, mo sì sunkún níbẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo mú páásípọ́ọ̀tì dání lọ bá Ustad. Mo ní kó jẹ́ ká wọ inú, mo sì ro gbogbo rẹ̀ fún un. Mo ṣàlàyé fún un pé lọ́dọ̀ wa, iyọ̀ wà lára ohun tí a fi ń sọ ọmọ lórúkọ, pé kì í ṣe ìkà tàbí wèrè ni màmá náà ń ṣe, ààbò ló ń wá. Ustad ń fọwọ́ pa irùngbọ̀n rẹ̀.

"Nígbà tí mo ń bọ̀ níbí," ló wí, "ìyá mi gbé Kùránì sókè lẹ́nu ọ̀nà, ó ní kí n gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Mi ò rí i láàyè mọ́." Ó ti páásípọ́ọ̀tì mi padà sí mi. "Sukúrúù wa ni kò dára. Bẹ́ẹ̀ ni kí o sọ fún oníbàárà. A ó tún bọ́ọ̀sì rẹ̀ ṣe, kò ní san nǹkan kan."

"Ustad, orúkọ ṣọ́ọ̀bù yín ńkọ́?"

"Orúkọ ṣọ́ọ̀bù á là á já. Ìyá ò ní là á já. Ṣùgbọ́n iyọ̀ yẹn gbọ́dọ̀ dúró. Bí o ṣe máa bá a sọ ọ́, èmi ò mọ̀. Ìwọ lo gbọ́ èdè wọn. Yalla, ó yá, lọ ṣiṣẹ́."

Ẹ̀yin ọmọ mi, ọ̀gá tó ń tú iṣẹ́ mi palẹ̀ lójú èrò nìyẹn. Mo ti rí ọ̀gá tó ń rẹ́rìn-ín sí ọmọọṣẹ́ lójoojúmọ́, tó sì tì í síwájú nígbà tí ọ̀rọ̀ dé. Bí ẹ bá ń wá ibi tí ẹ máa kọ́ṣẹ́, ẹ má wo ẹ̀rín.

Ìgbà yẹn náà ni a bẹ̀rẹ̀ sí í yí bí a ṣe ń ṣiṣẹ́ padà. Ustad kò fẹ́ ká máa dá ihò sára ọkọ̀ mọ́. Téèpù olójú méjì tí a fi ń lẹ ike mọ́ irin dé. Ní ọjọ́ tó kọ́kọ́ dé, ooru Sharjah yọ́ ọ dànù, ike ń já bọ́ lára ọkọ̀ bí èso tó pọ́n. Nígbà tó yá, èyí tó lágbára dé. Gíríìsì tí a ń fi ọwọ́ pa di ìda olómi tí a ń fín wọ inú kọ̀rọ̀. Kámẹ́rà tín-ín-rín wá dé, tó ń wọ ẹ̀yìn fẹ́ńdà lọ wo ohun tí ìka Ustad ń wá. Mo kọ́ gbogbo rẹ̀. Ẹni tó bá ní òun ò kọ́ tuntun níṣẹ́ ọwọ́, ó ti fẹ̀yìn tì láìmọ̀. Ustad padà sí Peshawar, a ṣì ń kí ara wa lórí fóònù. Èmi náà ṣe é títí orúnkún mi fi kọ̀ láti kúnlẹ̀ mọ́.

Ṣùgbọ́n mi ò tíì sọ bí ọ̀rọ̀ èmi àti màmá ṣe parí.

Nígbà tí bọ́ọ̀sì náà ti dára, èmi ni mo wà á lọ fún wọn. Mo mọ̀ọ́mọ̀ lọ ní kùtùkùtù, nígbà tí màmá á máa sọ̀kalẹ̀. Mo gbé e sórí iyanrìn lẹ́yìn ilé wọn. Kò pẹ́ tó fi yọ, abọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀, ó súre fún mi. Mo ti to ọ̀rọ̀ mi láti ilé. Mo ní ọ̀gá wa ní kí wọ́n má bínú, sukúrúù tí a lò ni kò dára. Mo ní a ti fi oògùn tuntun kan pa etí fẹ́ńdà yìí, oògùn náà kò sì fẹ́ omi iyọ̀ nítòsí. Mo ní bóyá wọ́n á kàn máa fi omi lásán gbàdúrà. Mo ń sọ ọ́ bí ohun tí kò ṣe pàtàkì.

Ó jẹ́ kí n sọ ọ́ tán.

"Gbádébọ̀, ẹja ni mo tà láti kékeré mi. Mo mọ ohun tí iyọ̀ ń ṣe fún ọ̀bẹ." Ó gbé abọ́ náà sílẹ̀. "Ṣé iyọ̀ mi ni?"

Òtítọ́ ọ̀rọ̀, bí ìsọkúsọ ló rí. Mo bojú wolẹ̀. Ó sì gbọ́ èsì tó ń wá.

"Táyọ̀ mọ̀?"

"Rárá, mà. Èmi àti ọ̀gá mi nìkan la mọ̀."

"Ọ̀gá rẹ wá gbà á sórí ara rẹ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Omi ń dà lójú rẹ̀, kò nù ún. Ó gbé abọ́, ó rìn jìnnà sí bọ́ọ̀sì náà, ó da omi inú rẹ̀ sórí iyanrìn. Lẹ́yìn náà ló wọlé. Mo rò pé ó ti parí, pé mo ti ṣe ohun tí Ustad bẹ̀rù. Mo jókòó sí ẹnu ilẹ̀kùn bọ́ọ̀sì, mi ò mọ ibi tí mo fẹ́ lọ.

Nígbà tó jáde padà, Táyọ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀ lórí ọ̀pá, oorun ṣì wà lójú rẹ̀.

"Màmá, kí ló ṣẹlẹ̀ ní early morning báyìí?"

"Iyọ̀ tí mo fi ń gbàdúrà ló jẹ irin ọkọ̀ rẹ," ni màmá wí. "Ẹ̀gbọ́n rẹ yìí mọ̀, kò fẹ́ dójú tì mí. Bẹ̀ ẹ́. Bá mi bẹ ọ̀gá rẹ̀ náà."

Táyọ̀ wo ìyá rẹ̀, ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀, ó wò mí. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú," ló wí.

Màmá kò dúró gbọ́ èsì mi. Ó ti tẹ̀ síbi táyà iwájú lápá òsì.

"Oògùn tí ẹ ń fi pa á yẹn, ó wà lọ́wọ́ rẹ?"

Agolo gíríìsì kan wà nínú ọkọ̀. Mo ṣí i fún un. Ó ki ìka mẹ́ta bọ̀ ọ́, ó ní kí n fi ibi tí wọ́n ń pa hàn òun. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, mo tọ́ ọ lọ sẹ́yìn etí fẹ́ńdà, níbi tí ojú ò tó. Ó pa á yíká, ó ń dárúkọ ọmọ rẹ̀ tó kú, ó ń dárúkọ èyí tó wà láàyè, ó ń dárúkọ ọmọ tuntun tó sùn lókè. Lẹ́yìn náà ló kọjá sí táyà kejì. Táyọ̀ gbé ọ̀pá rẹ̀ ti bọ́ọ̀sì, ó rọra jókòó sórí iyanrìn pẹ̀lú POP lẹ́sẹ̀, ó bu gíríìsì lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Àwọn méjèèjì ń pa á lọ, èmi sì ń ṣe àmín.